Tolúlọpẹ́ Omogbehin àti Iṣẹ́ Ìjàkadì

Bí ọmọ kan ní Àpáta, ní Ìbàdàn, bá fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ ní ọdún kejì, tí ó sì bọ́ sí iṣẹ́ télọ̀, ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ náà kò lè fi ara balẹ̀. Ẹjọ́ tí a dá láìtíì gbọ́ tẹnu ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Tolúlọpẹ́ Jordan Omogbehin, ẹni tí àwọn òǹwòran ń pè ní Omos. Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1994. Àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ ń polongo pé ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3. Ẹni tí ń ta ọjà kì í sáà bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó gbá bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì South Florida àti ní Morgan State, ṣùgbọ́n gíga nìkan kò sọ ọ́ di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Kò jókòó ti iṣẹ́ tí kò gbà á nítorí ìtìjú. Ní ọdún 2019, ó lọ kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ WWE. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ní ìlú Tampa, òun àti AJ Styles gba àmì-ẹ̀yẹ àwọn tí ń jà ní méjìméjì lọ́wọ́ Kofi Kingston, ẹni tí a bí ní Gánà, àti Xavier Woods.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀tàn ni, nítorí pé a ti mọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé a ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gídígbò orí iyanrìn, níbi tí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti pàdánù. Ṣùgbọ́n bí eégún aláré bá di òjòlá lójú agbo, ta ni ó ń pè é ní òpùrọ́? Ilẹ̀ tí a sì gbé ènìyàn lù kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan. Láti gbé alágbára sókè, kí a dà á lulẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ má sì ṣẹ́, iṣẹ́ gidi ni. Omos kò tíì yá nínú rẹ̀ tó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan; ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní Jàpáánù, ọ̀nà yìí ti là tipẹ́. Rikidozan, ẹni tí a bí ní Kòríà, ja sumo títí ó fi dé ipò kẹta láti òkè. Ó fi í sílẹ̀ ní ọdún 1950, ó bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì olówó ní 1951, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ilẹ̀ náà kí ó tó kú ní 1963. Ní ilẹ̀ yìí kan náà, ní ìlú Tokyo, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, ni Omos àti Jack Morris ti gba àmì-ẹ̀yẹ eléjì-eléjì.