Kámẹ́rà Aṣọ́lé Kò Gbọdọ̀ Jẹ Dátà Ilé Tán

Ó ti di àṣà báyìí kí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun gbé kámẹ́rà sára ilé òbí wọn lábúlé nítorí olè, kí wọ́n lè máa fi fóònù wo ilé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà 1 tó ń fi àwòrán tó mọ́lẹ̀ kedere ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru lè jẹ dátà tó 1GB ní wákàtí kan, èyí tó lé ní 20GB lóòjọ́. Ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni Bàbá ń lò láti fi WhatsApp bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí kámẹ́rà bá ti gba ọ̀nà, ìpè á máa já.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n ra èyí tó ń tọ́jú àwòrán sínú káàdì tirẹ̀, tí kì í fi nǹkan ránṣẹ́ àfi bí ẹnìkan bá yọjú. Kí ọmọ tó gbé e síbẹ̀ sì máa san owó dátà rẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí kámẹ́rà pa àwọn ọdẹ àdúgbò tì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kámẹ́rà kò lè ké sí ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò kò nílò dátà kó tó pariwo olè.