Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Waya Dúdú Pàdé

Ìkìlọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń to Arduino (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ), láti Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé ìlú Ọ̀yọ́: bí orísun iná bá ti pé méjì, waya wọn kò gbọdọ̀ fara kanra, ì báà jẹ́ pupa, ì báà jẹ́ dúdú, kí ó má baà bírììjì. Irọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè kú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yunifásítì LAUTECH kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn adáṣí fún iṣẹ́ àṣekágbá. Arduino Uno rẹ̀ ń jẹ iná kọ̀ǹpútà, volt 5. Mọ́tò sáfò tí yóò ṣílẹ̀kùn ń jẹ òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, volt 6. Waya kẹta lára sáfò ló ń gba àṣẹ látọ̀dọ̀ Uno. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò so dúdú mọ́ dúdú. Sáfò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, tàbí kó má mira rárá. Ó dá sáfò lẹ́bi, ó ra òmíràn.

Iná kì í lọ láìbọ̀. Gustav Kirchhoff ará Jámánì ti sọ ọ́ di òfin ní 1845: iye iná tó bá wọ oríta ni yóò jáde níbẹ̀. Àṣẹ tó bá jáde lára Uno gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sí Uno. Uno ń pe volt 5, ṣùgbọ́n volt 5 láti ibo? Bí sáfò kò bá mọ ibi tí odo Uno, ìyẹn waya dúdú rẹ̀, wà, ìpè lásán ni.

Ṣé kò ní bírììjì? Ibo ni iná yóò gbà yí po, nígbà tó jẹ́ waya kan ṣoṣo ló so orísun méjèèjì pọ̀? Ìgbà tí pupa náà bá tún pàdé ni ọ̀nà yóò là, tí volt 6 yóò máa ti volt 5. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n nìyẹn; dúdú ni wọ́n wá dì lẹ́rù ẹ̀.

Ẹ bi àwọn oníríwáyà. Irin ara ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe waya dúdú fún iná iwájú, fèrè àti redio, bátìrì sì ń sùn jẹ́ẹ́.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé ṣe pàtàkì, èyí ni àwọn alátakò wa kò sọ rí. Mọ́tò tó ń fa ampere 1, tí iná rẹ̀ ń gba waya dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ olóhm 0.2 padà, yóò gbé odo ibẹ̀ sókè ní volt 0.2. Kò tó nǹkan? LM35 tó ń wọn ìgbóná ń fi volt 0.01 ka dígírì kan. Bí òun àti mọ́tò bá jọ ń lo waya yẹn, yàrá dígírì 30 yóò di 50. Kí dúdú mọ́tò dá rìn, kí dúdú LM35 náà dá rìn, kí gbogbo wọn wá pàdé lójú kan.

A kò sọ̀rọ̀ iná NEPA o. Volt 230 kì í ṣe nǹkan ìṣeré, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ẹ̀.

Ihò GND (ibi tí waya dúdú ń wọ̀) mẹ́ta péré ló wà lára Uno, nítorí náà ẹ jó ojú ìpàdé yín mọ́ vero board pẹ̀lú léèdì. Bó bá jẹ́ breadboard gígùn lẹ ní, ẹ ṣọ́ra: ìlà pupa àti dúdú rẹ̀ máa ń gé láàárín nígbà mìíràn. Kí ẹ tó fi iná sí i, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Bí kò bá sún mọ́ ohm 0, ẹ fi waya so ó pọ̀.