Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Àwọn Tí Tẹ́tẹ́ Ń Ba Ayé Wọn Jẹ́ Ní Àbújá

Ẹ̀yin ará Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ parí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé dìde ní 2008. Wọ́n ní òfin lótò ọdún 2005 kò lágbára ní ìpínlẹ̀ kankan mọ́, kí oníkálukú ṣòfin tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Àbújá nìkan ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣòfin mìíràn lé wa lórí, ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèwádìí: ta ni tẹ́tẹ́ ń pa lára láàrin wa?

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kún ṣọ́ọ̀bù ní Nyanya àti Kubwa nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, gbogbo wa là ń rí wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ti wọnú fóònù. Obìnrin tí kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù rí lè máa ta á lórí ibùsùn, kí ọkọ má mọ̀, títí owó àjọ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ yóò fi tán, tí yóò fi wọ gbèsè, tí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbùkù rẹ̀ ránṣẹ́ sí tẹbí tọ̀rẹ́. Bí ọkùnrin bá jẹ gbèsè tẹ́tẹ́, wọ́n á ní ayé ló le. Bí obìnrin bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní kò níwà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wí? Ìyàwó tí kò ta tẹ́tẹ́ rárá ńkọ́, tí ọkọ ti fi owó ọjà rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Kùránì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀ pẹ̀lú ọtí, nítorí náà ìtìjú Mùsùlùmí tó bá kó sí i máa ń wúwo gan-an. Ẹni tó bá sì gbé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ bá ìyá àgbà Gbagyi kan ní Kwali, ọwọ́ òfo ni yóò gbé bọ̀. Kí obìnrin bi obìnrin, kí wọ́n bi í ní èdè rẹ̀.

Ní Britain, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn pé àwọn ẹ̀yà tó kéré níye kì í ta tẹ́tẹ́ tó àwọn aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ ìpalára pọ̀ jù láàrin àwọn tó ń ta nínú wọn. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí 80 mílíọ̀nù àgbàlagbà ló ń jìyà tẹ́tẹ́ lágbàáyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka kí tẹ́tẹ́ di bárakú fún ènìyàn sí àìsàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà Gwagwalada máa béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ò róorun sùn.

Àbújá ò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú méjì péré la ní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin ìyálọ́jà Wuse àti Garki, ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́ta yìí ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ nínú owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́, kí wọ́n fi ṣèwádìí náà, kí wọ́n sì fi tọ́jú ẹni tó ti wọ gbèsè. Kí àwọn obìnrin sì wà lára àwọn tí yóò gbé lẹ́tà náà lọ.