Ẹ̀rọ Akọrin Inú Ilé

Ọ̀ràn tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni a mú wá lónìí: ọdún mélòó ni ẹ̀rọ tí ń kọ orin àwo lè lò kí ó tó dákẹ́?

Gíramafóònù àtijọ́ kò bèèrè iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń wé e. Bí a bá ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé, bàbá lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ̀rọ síídì, tí a kọ́kọ́ tà ní Japan ní ọdún 1982, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ka àwo, láti ojú dígí kékeré kan. Eruku ìgbà ọyẹ́ a máa bo dígí náà, rọ́bà inú rẹ̀ a máa dẹ̀, iná tí ó lọ tí ó sì dé lójijì a sì máa bà á jẹ́. Ẹ yọ ọ́ lára iná bí ẹ bá ti lò ó tán, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó.

Orin Oroki Social Club tí Haruna Ìṣọ̀lá ṣe ní ọdún 1971 kò lè sọnù mọ́. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá yín níbi ìgbéyàwó, tí ó wà nínú síídì kan ṣoṣo, ńkọ́? Síídì tí a fi kọ̀ǹpútà kọ tètè ń ṣá nínú ooru àti oòrùn. Nígbà tí ẹ̀rọ yín ṣì ń fọhùn, ẹ jẹ́ kí a dà á kọ síbòmíràn, kí àwọn ọmọ lè rí i gbọ́.