Ilé Ọba Tí Ó Jó, Ta Ni Ó Padà Wọ Inú Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ní ìlú Èkó yìí, a kò rántí ọdún kan tí ó kọjá tí a kò rí ilé tí a fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára pé a ó wó o, tàbí àdúgbò tí a sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Nígbàkúùgbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, òwe kan náà ni àwọn tí ń bẹ nídìí ètò náà máa ń pa fún wa: wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe náà dára, a kò sì ní í bá àwọn àgbà tí ó pa á jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé ọba jó, tí a sì tún un kọ́, ọba kan náà ni ó padà wọ inú ilé tuntun. A kò gbọ́ pé wọ́n gbé ààfin náà fún àlejò, kí wọ́n sì ní kí ọba lọ yá ilé gbé ní ẹ̀yìn odi. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa gbé yàtọ̀ sí ti ọba nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń bẹ lára àwọn tí ó fẹ́ kí Èkó wà bí ó ti wà ní ayé àwọn baba ńlá wa. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní ọdún 1924, tí ó sì jà títí di ọdún 1930, inú àwọn ilé tí ó há mọ́ ara wọn, tí atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà wọ̀, ni ó ti rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn yìí ni ó mú kí Ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1928, èyí tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí L.E.D.B. Ní ìgbà tiwa yìí náà, ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní Ítá Fáàjì, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ogún ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì wà lára wọn. Ilé tí ó bá ti ń fi hàn pé òun yóò wó, kí a tètè wó o kí ó tó pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń jà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwa náà ń wọ̀ ọ́, a sì ń dúpẹ́. Àtúnṣe ìlú kọ́ ni a ń bá wí. Ìbéèrè wa ni pé, àwọn ta ni a ń tún un ṣe fún?

Ọ̀ràn tí ó yẹ kí gbogbo ará Èkó mọ̀ dáadáa ni ti ọdún 1955. Ní ọdún náà ni L.E.D.B. gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, kí wọ́n sì tún ibẹ̀ là ní títì. Òmìnira ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn olórí wa kò sì fẹ́ kí àlejò tí ó bá wá bá wa yọ̀ rí ilé páànù tí ó ti dógùn-ún àti gọ́tà tí ń rùn ní àárín olú-ìlú. Èrò náà kò burú. Àwọn tí a ní kí wọ́n jáde ni a kọ́ ilé sílẹ̀ fún ní òdìkejì ọ̀sà, ní Súrùlérè, ibi tí ó tó máìlì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé wọn àtijọ́. Ilé tuntun ni, ó mọ́, ó sì ní àyè. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò sọ pé olóríire ni wọ́n.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Peter Marris ni ó fara balẹ̀ wádìí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára àwọn tí a kó lọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1961. Ní Erékùṣù, inú ilé baba wọn ni ọ̀pọ̀ ń gbé, wọn kì í san owó ilé. Ní Súrùlérè, oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá kí a má san án. Ní Erékùṣù, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́. Ní Súrùlérè, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀. Ilé tí a kọ́ fún ọkọ, aya àti ọmọ kò ní àyè fún ìyá àgbà, àbúrò baba àti ọmọ ìyá ẹni. Nítorí náà ẹbí tí ó ti ń jẹun nínú agboolé kan tú ká, ẹni tí ó sì ti ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ di ẹni tí ń yọjú sí i bí ó bá rí owó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ti òwò ni ó dùn wá jù, nítorí pé ìlú òwò ni Èkó. Ẹ wo obìnrin tí ń ta àwo tàbí òwú ní ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀. Kì í san owó ìsọ̀. Bí ọjà bá tán, ọmọ rẹ̀ á sáré dé Balógun, á sì gbé òmíràn dé kí omi orí iná tó hó. Ẹni tí ń tà fún un ní àwìn mọ ilé tí wọ́n bí i sí. Ilé náà ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n jọ ń dá èsúsú, olórí èsúsú kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́. Ẹ wá gbé obìnrin yìí lọ sí ìrìn máìlì mẹ́rin, kí ẹ fún un ní yàrá tí ó dára àti fèrèsé méjì. Oníbàárà dà? Ta ni yóò tà á ní àwìn? Ohun gbogbo tí ó sọ ọ́ di oníṣòwò ni ó kù sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi okùn wọ̀n, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé owó gbà-má-bínú. Marris bá irú wọn pàdé, àwọn tí èrè wọn dín kù, àti àwọn tí kò rí òwò ṣe mọ́ rárá.

Orúkọ Súrùlérè fúnra rẹ̀, pé sùúrù ni ó ní èrè, ni a lè fi tu irú àwọn bẹ́ẹ̀ nínú. Èkó ní àdúgbò mìíràn tí orúkọ tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: Ọbálendé, èyí ni pé, ọba ni ó lé wa dé ìhín. (Ọba tí wọ́n ń wí níbẹ̀ kì í ṣe ọba tí ilé rẹ̀ jó.)

Ẹnìkan lè sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin tí a fi ń gba ilẹ̀ lónìí ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ohun tí òfin náà sì ní kí a san kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí Ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, a ó ṣírò iye tí yóò ná ni láti kọ́ irú ilé tí ó wà lórí rẹ̀, a ó sì yọ iye ogbó ilé náà kúrò. Ní ti ilẹ̀ gan-an, kìkì iye owó ilẹ̀ tí o san fún Ìjọba ní ọdún náà ni a ó dá padà fún ọ. Ẹ fojú inú wo ilé tí baba ńlá wa kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ilé ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń dín kù nínú ìwé wọn. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, tí olówó ń wá bí ẹni wá wúrà, kò ju owó ọdún kan lọ. Ayálégbé ńkọ́? Ẹni tí ń pàtẹ ní ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Òfin náà kò ní òdiwọ̀n tí a lè fi wọn òwò tí ó bàjẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Màrókò kò jìnnà sí etí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje ọdún 1990, ọjọ́ méje péré ni Ìjọba ológun fún àwọn ará ibẹ̀ kí katapílà tó dé. Àwọn tí a lé jáde tó bí 300,000. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ní Otodo Gbame, láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 dé oṣù kẹrin ọdún 2017, a lé àwọn apẹja kúrò ní etí ọ̀sà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Èkó dájọ́ pé lílé tí a lé wọn láìpèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ìdájọ́ dé, ṣùgbọ́n ilé ti lọ.

A kò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru Ìjọba. Àwa ọmọ onílé ńkọ́? Mélòó ni ilé ẹbí tí àwa fúnra wa tà ní Erékùṣù, tí ibojì baba ńlá wa wà nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, nítorí pé àwa ọmọ méjìdínlógún kò lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí òrùlé tí ń jò? Ẹ wo ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú, èyí tí àwọn àgùdà kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Àwọn ọmọ àgùdà sunkún rẹ̀ púpọ̀. Àwa náà sunkún, ṣùgbọ́n a bi ara wa léèrè pé, ọgọ́ta ọdún tí ilé náà fi jẹ́ ohun ìrántí, èló ni orílẹ̀-èdè yìí mú wá láti fi tún un ṣe? Ẹni tí a pè ní ohun ìrántí, tí a kò sì rántí, kò lè ṣàì wó.

Bí ẹ bá rìn ní Erékùṣù nísinsìnyí, ẹ ó rí i pé ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà, tí ìdílé mẹ́fà ń gbé, ilé ìtajà alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, ọjà kún un dé òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀ yóò san owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò san ti aṣojú, yóò san ti ìwé àdéhùn. Ìyá tí ó ti ń pàtẹ níbẹ̀ láti ogún ọdún wá kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́, a ti ilé náà pa, ẹnìkan kò sùn níbẹ̀. Bí iná bá sọ, bí ó ti sọ ní ọjà Balógun ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 2019, ta ni yóò jí kígbe bí ó bá jẹ́ òru?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tún ìlú ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n tó wó àdúgbò kan, kí wọ́n ka ènìyàn inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ka ògiri rẹ̀: onílé, ayálégbé, alágbàtà, ìyá aláta. Kí wọ́n kọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ìwé tí ó sọ pé ìsọ̀ kan tàbí yàrá kan wà fún un nínú èyí tí a ó kọ́, ní iye tí apá rẹ̀ lè ká, kí wọ́n sì wí fún un ibi tí yóò ti máa tajà títí a ó fi kọ́ ọ tán. Ìlérí ẹnu kò tó. Ẹnu ni wọ́n fi ṣèlérí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti lọ.

Ní ti ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà àti ẹ̀yin ayálégbé, rìsíìtì owó ìsọ̀, ìwé owó iná, ìwé àdéhùn yàrá, bí ó tilẹ̀ ti ya, ẹ kó wọn jọ kúrò lábẹ́ ẹní. Ẹ jẹ́ kí lọ́ọ̀yà kan wò wọ́n, kí ẹ̀dà wọn wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà àti lọ́wọ́ olórí àdúgbò, kí ọ̀dà pupa tó dé.