Ọkọ̀ Ojú Irin Jos: Ẹrù Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbé

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, tí èèyàn bá ní òun ń lọ sí Terminus ní Jos níbí, ọjà ló ń wá sọ́kàn gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń parí ìrìn sí ló fún àdúgbò yẹn lórúkọ. Láti 1927 tí ojú irin ti wọlé láti Kafanchan, òun ló ń kó tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, lọ sí etíkun. Òun náà ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa wá láti Ọ̀ffà àti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́.

Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ojú irin láti Port Harcourt dé Maiduguri. Ní 2024, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Port Harcourt àti Aba. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti Aba dé Kuru, níbi tí ẹ̀ka Jos ti yà, ọ̀nà ṣì jìn.

Ọ̀rọ̀ Heipang ló kan àwa oníṣòwò jù. Ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú wa wà. Ibẹ̀ náà ni ìjọba fọwọ́ sí ní 2006 pé kí èbúté orí ilẹ̀ wà, kí kọ́sítọ́ọ̀mù máa yẹ kọ̀ntínà wò níbẹ̀ dípò Èkó. Ti Kaduna ṣí ní 2018, ti Kano ní 2023. Tiwa dà?

Ká sọ òótọ́, bí wọ́n bá ṣí i lọ́la láìsí ojú irin tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọgbà tírélà lásán ni. Bàálù ò lè máa gbé sìmẹ́ǹtì. Tírélà ńkọ́? Lásìkò òjò tó kọjá, ọjà wa sun ọjọ́ mẹ́rin lójú títì, owó àtúnṣe àti owó ẹ̀ṣọ́ ló jẹ èrè wa tán. Ọkọ̀ ẹrù lè gbé ọjà Èkó wá, kó sì kó pòtétò Bokkos àti Mangu padà. Kò ní í rìn lófo.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀ o. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 2021 fẹ̀ ju tiwa lọ, ọkọ̀ rẹ̀ ò lè rìn lórí tiwa. Kọ̀ntínà Apapa gbọ́dọ̀ gba ojú irin àtijọ́, Ìlọrin, Minna, Kaduna, Kafanchan, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà, kí wọ́n tún un gbé. Ìkejì, pòtétò kì í dúró de ọkọ̀ tó bá pẹ́.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni ti ilẹ̀. Àwọn kan nínú wa, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé, katakata ò ní í béèrè ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa lọ béèrè ààlà báyìí, kí kálukú yẹ ìwé rẹ̀ wò, ká sì ní aṣojú níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Heipang. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.