Iwin Kì í Ṣe Ọlọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti alẹ́ Sátidé kan tí àwa mẹ́rin jókòó sí yàrá mi ní Rumuokwuta, tí à ń ṣe eré Dungeons & Dragons.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ọdún 1974 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan yóò jẹ́ apàlọ́, àwọn tó kù yóò mú ẹ̀dá inú ìtàn kọ̀ọ̀kan: ọdẹ ni o, jagunjagun ni o, oníṣègùn ni o. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ohun tí ẹ̀dá náà dáwọ́ lé yóò yọrí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, mú ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní warlock. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ máa ń bá ẹ̀mí kan dá májẹ̀mú kó tó ní agbára. Ọ̀rẹ́ mi yan ẹ̀mí burúkú láti ọ̀run àpáàdì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí Ààjà gbé ẹ̀dá tèmi wọ igbó, kó lọ kọ́ ọ ní ewé. Ọ̀rẹ́ mi fò dìde. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má gbé òrìṣà wọ inú eré wa!"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí nígbẹ̀yìn. Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ orúkọ Ààjà, kì í ṣe nínú igbó kankan. Ṣé ohun tí màmá sọ fún mi wá burú ju iná ọ̀run àpáàdì lọ ni?

Ta ni Ààjà? A. B. Ellis, òyìnbó kan tó kọ ìwé lórí Yorùbá ní ọdún 1894, sọ pé ńṣe ló máa ń gbé ẹni tó bá pàdé lọ sínú igbó, tí yóò kọ́ ọ ní ewé tó ń woni sàn, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá sá fún un, yóò pa á jẹ. Ẹni tó bá dúró láìṣojo, yóò mú un lọ sílé rẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ewé. Bó bá kọ́ ọ tán, yóò fún un ní irun kan láti ìrù rẹ̀ kó fi ṣe ẹ̀rí. Ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ nìyẹn o!

Yorùbá nìkan kọ́ ló mọ èyí. Àwọn Kalabari, tí wọn kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ń pìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Ekineba. Àwọn ẹ̀mí inú omi gbé e lọ, wọ́n fi eré egúngún wọn hàn án, wọ́n sì dá a padà wálé kó wá kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àṣẹ kan ló tẹ̀ lé e: nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré náà, òun ni kó kọ́kọ́ lu ìlù. Àwọn ọ̀dọ́ rú òfin yìí léraléra, àwọn ẹ̀mí bá mú un lọ pátápátá.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ìtàn wọ̀nyí, olùkọ́ ni ẹ̀mí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yóò nígboyà, yóò fi àkókò sílẹ̀, yóò pa èèwọ̀ mọ́, ohun tó bá sì kọ́, ti gbogbo ìlú ni. Nínú eré tiwa, bí ẹ̀dá bá ti gun àkàsọ̀ kan sí i, ọfọ̀ tuntun ti dé nìyẹn, bí ẹni ra búrẹ́dì ní títì. Eré RuneQuest sàn díẹ̀: nínú èyí tó jáde ní 1984, ẹni tó fẹ́ gba ọfọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀mí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a jà kó sì borí. Síbẹ̀, ìjà yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́.

Ẹlòmíràn lè ní eré lásán ni. Mo gbà. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eré lásán ni ti àlejò, kí ló dé tí tilé fi di ẹ̀ṣẹ̀? Àwa tí a kò dàgbà sílé gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Bí a kò bá lè dárúkọ Ààjà nídìí eré, ibo la ó ti dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ wa?

A ti parí ìjà náà ṣá o. Apàlọ́ wa gbà kí Ààjà gbé ẹ̀dá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní kò ní í padà títí ìpàdé mẹ́ta yóò fi kọjá. Nítorí náà, Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń bó ẹ̀pà fún wọn. Kò dùn mọ́ mi rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀dá mi jáde láti inú igbó, ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀?"